Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Wọ́n Ń Sanwó Fún

Ọjọ́ tí ọmọ mi obìnrin mú olùtọ́jú náà wọlé, apá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè gbé mi. Kí n má parọ́, mo sanra nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi jókòó ta aṣọ ní Òṣogbo, tí mò ń jẹ ohun tó bá wù mí. Obìnrin yìí sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Mo ní lọ́kàn mi, "Ó tán. Eléyìí ló máa jù mí sílẹ̀ ní balùwẹ̀, tí wọ́n á ní orí mi ló gbé e wá."

Rọpárọsẹ̀ ló gbé mi ṣánlẹ̀. Àárín àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí epo ọkọ̀ wọ́n bí ojú, tí àwọn èèyàn ń sùn sórí ìlà ní ilé epo. Mo fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, mo nawọ́ mú gèlè, ọwọ́ ọ̀tún mi ò dá mi lóhùn. Mo fẹ́ pariwo, ẹnu mi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohùn ò jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa dá mi sílẹ̀ ní ọsibítù, tí wọ́n gbé mi padà sí ilé mi ní Dàda Estate, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti di ẹrù tí mò ń gbé kiri. Ọkọ mi ti kú ṣáájú. Ọmọ mi obìnrin ń ṣe tíṣà ní Iléṣà, ó ní ọkọ, ó ní ọmọ ọwọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà lókè òkun, owó nìkan ni apá rẹ̀ ká láti fi ránṣẹ́. Ta ló kù tó máa wẹ̀ mí?

Ikú kọ́ ni mo ń rò lórí bẹ́ẹ̀dì o. Ìwàrà ni mo ń rò. Ìwàrà ni ìlú ọkọ mi, kò sì sí ohun tí ìlú náà fi mí ṣe. Ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí mo ń pè ní ìyálé mi, irú àìsàn yìí gan-an ló ṣe é. Ìwàrà ni wọ́n gbé e lọ, sí ilé ńlá àwọn ọkọ wa, kí ẹbí lè tọ́jú rẹ̀. Ilé kún fọ́fọ́. Àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ ń wá kọrin fún un. Nígbà tí mo lọ kí i, mo ṣí aṣọ lára rẹ̀, mo rí egbò tó ti jẹ ìdí rẹ̀ dé egungun. Mo bi wọ́n pé ta ló yí i padà kẹ́yìn. Oníkálukú ń wo ojú ẹnì kejì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú. Kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀ nínú ilé yẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ olórí ilé náà báyìí, ti wá bá wa ní ọsibítù. Ó ní, "Bí ẹ̀jẹ̀ ìyàwó wa bá lè dúró tì í ní Òṣogbo, ó dáa. Bí kò bá sí, a ó gbé e lọ sílé. A ò ní í jẹ́ kí àjèjì máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí kò lẹ́nìkan." Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló ń ṣe àmín. Èmi nìkan ló ń rántí egbò ìyálé mi.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn ń sanwó fún aláàárù, ó ń sanwó fún alágbàfọ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ sanwó fún ẹni tó máa fọ ìdí ìyá rẹ̀! Orúkọ ò tiẹ̀ sí fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ẹni náà kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Bí àwọn ará ìjọ wa bá gbọ́, wọ́n á ní ọmọ tí mo bí ti fi mí ta. Bí àwọn ará Ìwàrà bá gbọ́, ọkọ̀ ni wọ́n máa gbé wá. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mi fi jókòó ti olùtọ́jú náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tó ń kọ́ ọ ní irọ́ níwájú mi.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá ni yín. Bàbá yín àti Màmá, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ẹ wá láti Ifẹ̀wàrà, ìlú bàbá Màmá. Ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni bàbá yín ti ta aṣọ, ibẹ̀ lẹ dàgbà sí, òun ni ẹ ò fi gbọ́ Ìjẹ̀ṣà."

Obìnrin náà jẹ́ ará Ìkìrun. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ọsibítù rí, ó ń gbé pọ́ọ̀, ó ń nu ilẹ̀, kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù. Ó wo ọmọ mi títí, ó ní, "Tíṣà, irọ́ yìí mà gùn o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ọ sórí ná."

Inú mi lọ́hùn-ún, mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọmọ mi tilẹ̀kùn, tó lọ wọ ọkọ̀ Iléṣà, tó wá ku èmi àti àjèjì yìí nínú ilé, ẹ̀rín tán. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ń wo báàgì rẹ̀. Ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ìròyìn mìíràn tí à ń gbọ́ ju ti àwọn tó ń fi èèyàn ṣe òògùn owó. Wọ́n ní pátá lásán ti tó wọn lò, wọ́n ní irun orí ti tó wọn. Èmi rèé, ẹni tí kò lè gbé ara rẹ̀ yí, ọwọ́ àjèjì ni pátá mi wà, ọwọ́ àjèjì ni irun mi wà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àìsàn náà fi sílẹ̀ fún mi, "Rárá." Mo fẹ́ omi, á jáde pé rárá. Mo fẹ́ dúpẹ́, rárá. Nígbà tó kọ́kọ́ ya irun mi, mo rí i tó ká èyí tó já sínú ìyarun pọ̀, tó dì í sí etí ìró rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, "Rárá! Rárá!" Omi ń bọ́ lójú mi. Ó dúró, ó wò mí, ó sì yé e. Ó tú etí ìró náà, ó fi irun náà sí ọwọ́ òsì mi, ó ní, "Ẹ mú u dání, Màmá. Èmi náà ò jẹ́ fi tèmi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́." Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo kó o sí. Kò pẹ́ tí abẹ́ ìrọ̀rí mi fi dà bí ìtẹ́ ẹyẹ.

Òun ló mọ̀ pé rárá ẹnu mi kì í ṣe rárá. Ó ní, "Màmá, ẹ yé fi ẹnu yọ ara yín lẹ́nu. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tẹ ọwọ́ mi. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín rọ̀." Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣé kí n bu omi sí i? Mo tẹ̀ ẹ́. Ṣé ó gbóná jù? Ọwọ́ mi rọ̀. Kò sì jù mí sílẹ̀ ní balùwẹ̀ rí. Ọgbọ́n ló fi ń gbé mi: á fi orúnkún rẹ̀ ti orúnkún mi, á di ìró mi mú lẹ́yìn, á ní, "Ó yá!" Gbogbo ìgbà tó bá ní "ó yá" ni mo máa ń pe Jésù nínú mi.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀, kí n sọ òótọ́. Ó le. Bó bá fẹ́ yí mi padà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo bá ń kùn, á ní, "Ẹ bínú bó ṣe wù yín, ẹ ò ní í jẹrà lọ́wọ́ èmi." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún èèyàn! Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló sì máa ń lọ wo àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ìkìrun, ọmọ mi á wá dípò rẹ̀. Sátidé kan tí epo ò sí, tí ọmọ mi ò tètè rí ọkọ̀, olùtọ́jú náà gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó ń wo títì. Mò ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá sún ìdí báyìí, ọkàn mi á fò. Mo ní lọ́kàn mi, bí eléyìí bá dìde lọ, ta ni màá pè? Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní, kò sì ṣiṣẹ́. Kò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi dé nírọ̀lẹ́, kò fi bò. Ó ní, "Tíṣà, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ṣùgbọ́n èmi náà lọ́mọ. Ó ti rẹ̀ mí." Inú bí mi. Nílé wa, ẹnìkan kì í sọ níwájú aláìsàn pé ó ti rẹ òun.

Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ. Àwọn ará ìjọ ń wá, wọ́n ń pè é ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń ní ojú wa tiẹ̀ jọra. Àwọn èèyàn! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á lé e bá. Tiwa ò lọ jìnnà rárá.

Àbúrò ọkọ mi ló dé láti Ìwàrà láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun àti dírẹ́bà kan. Ó kó iṣu wá, ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, ó sì mú ẹran ìgbẹ́ yíyangbẹ kan tí wọ́n dì sínú bébà, tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́. Ó kí mi dáadáa, ó gbàdúrà, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi. Ọmọ kékeré ló jẹ́ nígbà tí mo dé ilé wọn, síbẹ̀ ọkọ mi ni, nítorí inú ilé yẹn ni mo bá a. "Ọkọ mi kékeré" ni mo ń pè é láti ìgbà náà. Òun sì ń pè mí ní Ìyàwó wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá òun se iṣu, kó fi ẹran náà se ọbẹ̀ fún òun àti dírẹ́bà.

Pálọ̀ ni ó jókòó sí, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn yàrá mi sílẹ̀ kí n lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Olùtọ́jú gbé oúnjẹ wá. Ọkọ mi kékeré ní, "Bu iṣu tìrẹ náà wá, ọmọ mi, ká jọ jẹun. O ṣeun tí ò ń tọ́jú wọn." Ó bu tirẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó mú ẹran kan, ó fi eyín ya á. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn mí. Ọ̀yà ni!

Ẹ gbà mí o. Nílé bàbá mi, bí a tilẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ láti ìgbà bàbá bàbá mi, a kì í jẹ ọ̀yà. Èèwọ̀ wa ni. Gbogbo ará Ìwàrà ló mọ̀. Bí wọ́n bá pa ọ̀yà lóko, adìyẹ ni wọ́n máa ń wá fún èmi. Ọmọ mi ò rántí sọ fún un, nítorí ilé bàbá rẹ̀ ni òun fi ṣe ilé, ó ń jẹ ẹ́ ní tirẹ̀. Èmi náà ò sì lẹ́nu tí màá fi sọ ọ́. Àní mo pariwo, "Rárá! Rárá!" Obìnrin náà dáhùn láti pálọ̀ pé, "Mò ń bọ̀, Màmá, ẹ jẹ́ kí n jẹun tán." Ó tún mú ìkejì.

Mo gbọ́ tí ṣíbí àbúrò ọkọ mi dúró. Ó ní, "Kí ni bàbá rẹ jẹ́ sí ìyàwó wa?"

"Ẹ̀gbọ́n wọn ni, sà. Ọmọ bàbá kan náà."

"O sì ń jẹ ọ̀yà?"

Mo rí obìnrin náà láti ibi tí mo wà, ó gbé ẹran náà sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní Ìkìrun ni òun ti wá, ó ní wọ́n ń sanwó fún òun lóṣooṣù, ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni tan nínú ilé yìí.

Ọkùnrin náà dìde. N kò rí ìbínú lójú rẹ̀, ojú ẹni tí wọ́n gbá létí láàárín ọjà ló ní. Ó ní, "Ṣé a ti kú tán ní Ìwàrà ni? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n lọ háyà ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́, àwa wà láyé?" Ó yọjú síta, ó ní kí dírẹ́bà yí ọkọ̀ padà, kó tẹ́ tìmùtìmù sẹ́yìn. "Òní yìí ni ẹ máa sùn nílé yín, Ìyàwó wa. Mo tọrọ gàfárà lọ́wọ́ yín. Ìyà ti jẹ yín tó."

Mo ń rí yàrá ìyálé mi, mo ń rí fèrèsé kékeré rẹ̀. Olùtọ́jú ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí Tíṣà dé láti Iléṣà ná. Ọkọ mi kékeré ní ọmọ ni Tíṣà, kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ìdílé. Ó wọ yàrá wá, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ ò fẹ́ lọ sílé ni?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ?"

"Rárá."

Ó sún mọ́ mi. "Ṣé èmi nìyí, àbúrò ọkọ yín?"

Mo gbìyànjú. Ọlọ́run mọ̀ pé mo gbìyànjú. "Rárá."

Ó mi orí, ó ní, "Ọpọlọ wọn ti lọ." Wọ́n ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Mo ní ẹnu, ẹnu náà ló sì ń tà mí.

Olùtọ́jú ní, "Kò lọ, sà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ mú ọwọ́ òsì wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ wọn á rọ̀."

Ọkọ mi kékeré yí sí i. "Ìwọ, mo fẹ́ bi ọ́ níwájú wọn. Bí owó bá dá lóṣù tó ń bọ̀, ṣé wàá dúró tì wọ́n?"

"Rárá, sà. Mo lọ́mọ tí mò ń bọ́."

"Ẹ gbọ́! Ẹ fi etí yín gbọ́!"

"Ṣùgbọ́n mi ò ní í lọ láìsọ, sà. Bó bá rẹ̀ mí, màá sọ pé ó rẹ̀ mí. Ẹlòmíì á dé, màá fi bí wọ́n ṣe ń yí wọn hàn án, kí n tó gbé báàgì mi."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ń ronú kan ìyálé mi. Nínú ilé ńlá yẹn, ó ti rẹ gbogbo wọn. Kò sí ẹnìkan tó lè sọ ọ́. Ẹ̀gàn ni fún ọmọ, ẹ̀gàn ni fún ìyàwó ilé, láti sọ pé ó ti rẹ òun lórí ìyá òun. Nítorí náà wọ́n dákẹ́, oníkálukú ń rò pé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyálé mi sì ń jẹrà. Ẹ̀rù obìnrin tó lè lọ yìí ń bà mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ń lọ, màá mọ̀.

Ọkọ mi kékeré mú ọwọ́ òsì mi. Ọwọ́ rẹ̀ le, ọwọ́ ẹni tó ń roko kòkó. Ó ní, "Ìyàwó wa, Ìwàrà?" Mo jẹ́ kí ọwọ́ mi rọ̀ pátápátá. "Ibí?" Mo tẹ̀ ẹ́. "Lọ́dọ̀ ẹni tó ní òun máa fi yín sílẹ̀ bí owó bá dá?" Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́.

Dírẹ́bà fọn fèrè ọkọ̀ níta, ọkọ mi kékeré ò bojú wẹ̀yìn. Ó tẹ orí wá síbi etí mi, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, bíi ti ọmọ tó máa ń sá wọ yàrá mi nígbà tí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ nà án. Ó ní, "Ṣé ẹ̀rù wa ló ń bà yín ni?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọwọ́ mi rọ̀, mo rí i lójú rẹ̀ kedere. Èmi náà ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, kò ṣẹ̀ mí rí.

Mo tẹ ọwọ́ rẹ̀.